Òfin Kẹsàn-án nínú Họ́kì Ìdílé Wa

Ọdún tí bàbá wa kú ni ìkejì wa ní ká bẹ̀rẹ̀ eré họ́kì.

Ọmọ mẹ́rin ni ìyá wa bí, èmi obìnrin ni àkọ́bí. Ìkejì wa, ọkùnrin, ti wà ní Kánádà fún bí ọdún mọ́kànlá, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀. Ìkẹta, ọkùnrin lòun náà, ń ta páàtì ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íntáṣéńjì Ṣàgámù. Àbígbẹ̀yìn wa jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkẹ́nnẹ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òde Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n Màkún ni mò ń gbé, nínú agbo ilé wa, nítorí ìyá wa kò fẹ́ kí ilé ṣófo lẹ́yìn ikú bàbá wa.

Ìkejì wa kò lè wá síbi ìsìnkú. Ó ní ìwé òun ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, pé bí òun bá fi jáde, wọ́n lè má jẹ́ kí òun padà wọlé. A gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ fìdáù ogójì, ìkẹta wa gbé fóònù sókè kí ó lè máa wo àwọn àáfà, apá rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n kí àdúrà tó parí. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Oṣù méjì kọjá tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò pe ẹnìkejì, kì í ṣe pé a jà, kò kàn sí ohun tó pa wá pọ̀ mọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ohùn ìkejì wa wọlé sínú fóònù mi. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan kan tí a ó jọ máa ṣe. Bí a bá ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wà, kò ní sí ọ̀rọ̀ títí tí ẹnìkan á fi tún kú.”

Ó wá ṣàlàyé. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, eré kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe láàárín ara wọn. Họ́kì orí yìnyín ni wọ́n fi ń ṣe é: àwọn ọkùnrin á wọ bàtà tó ní irin lábẹ́, wọ́n á máa sáré lórí yìnyín, wọ́n á sì máa fi igi tó tẹ̀ lórí gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Àwọn tó ń ṣeré náà gan-an kò mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n kálukú wa á mú tirẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ oríṣiríṣi, á kọ orúkọ wọn sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì gbá góòlù lọ́hùn-ún, àmì á wọlé fún ẹni tó mú un níhìn-ín. Ó ní èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe kì í ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tó máa ń lọ láti ọdún dé ọdún. Bí ọdún bá parí, o kò ní tú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ká, o máa mú díẹ̀ nínú wọn pamọ́, àwọn yòókù ni á padà sínú agbada, ìyẹn àárín àwọn tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fún ẹni tó bá fẹ́.

“Irú ìyẹn ni mo fẹ́,” ó ní. “Ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán.”

Ìkẹta wa kò rí ìdí rẹ̀. “Bùrọ̀dá, bọ́ọ̀lù ńkọ́? Bọ́ọ̀lù la mọ̀.”

“Bọ́ọ̀lù á dá ìjà sílẹ̀. Nínú họ́kì, kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, èmi ni màá mú kẹ́yìn. Gbogbo wa á wá dọ́gba.”

Ọ̀sán Sátidé la fi ṣòfin. Àbígbẹ̀yìn wa wọ takisí wá láti Ìkẹ́nnẹ́, ìkẹta wa ti ṣọ́ọ̀bù, a sì gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì pálọ̀ kí ohùn ìkejì wa lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. A kò rí ojú rẹ̀. Ó ní kámẹ́rà fóònù òun ti fọ́. Ìyá wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń ṣa gbànja, wọ́n ń yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dára. Èmi ni akọ̀wé. Mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan fún un, mo sì fi rúlà fa ìlà sí i bí mo ṣe ń ṣe fún ìwé máàkì.

Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kálukú yóò ní, ìyẹn kò fa wàhálà. Iye tí a ó máa pa mọ́ ló gba wákàtí kan. Ìkẹta wa fẹ́ mẹ́wàá. Àbígbẹ̀yìn ní méjì tó, pé bí kò bá sí ìyípadà, eré náà á sú òun. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, mo fi hàn wọ́n pé bí a bá pa mẹ́wàá mọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èèyàn gidi mú ní ọdún àkọ́kọ́ ló máa gbẹ̀yẹ títí láé, ẹni tó bá sì kẹ́yìn kò ní gbérí mọ́. A fẹnu kò sí márùn-ún. Àpamọ́ ni mo pe àwọn márùn-ún náà, orúkọ yẹn sì mọ́ wọn lára. A tún ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹnìkan ṣe àpamọ́ ju ọdún mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìkẹta wa ní ẹnìkan lè mọ̀ọ́mọ̀ kẹ́yìn nítorí ìyẹn, a sì ní kí ẹni méjì tó bá wà nísàlẹ̀ ṣẹ́ ìbò.

Ti pàṣípààrọ̀ ni ìkejì wa tẹnu mọ́ jù. Ẹni méjì lè gba èèyàn lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fún ara wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, àwọn méjì yòókù sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. “Kí àgbà má baà fi ọgbọ́n gba ti ọmọdé,” ó ní. Àbígbẹ̀yìn wa rẹ́rìn-ín.

A ti kọ mẹ́jọ, mo ti fẹ́ pa ìwé dé, nígbà tó ní, “Ó ku ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá dákẹ́ ńkọ́?”

Mo bi í pé, “Kó dákẹ́ báwo?”

“Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kó má fọwọ́ kan ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pè, kò kọ̀wé.”

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ohùn ìyá wa ti wá. “Ta ló dákẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó dákẹ́, Màámi. Eré ni,” mo ní.

“Eré wo ni ẹ fi ń pín ẹrù ẹni tó dákẹ́?”

Láti inú fóònù, ìkejì wa ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó wá. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, kí èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí wọlé sínú ẹgbẹ́ ẹni náà, kí n máa tọ́jú rẹ̀. Kí a má ṣe kó àwọn àpamọ́ rẹ̀ padà sínú agbada àfi tí ọdún méjì bá kọjá.

“Ọdún méjì ti pọ̀ jù, Bùrọ̀dá,” àbígbẹ̀yìn wa ní. “Oṣù mẹ́ta tó.”

“Ọdún méjì.”

“Tí eré ọ̀hún bá kàn sú ẹni náà ńkọ́?”

“Mo ní ọdún méjì. Àǹtí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Kì í bá wa sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí gbogbo wa fi páásíwọ́ọ̀dù wa ránṣẹ́ sí mi, kí n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù rẹ̀, tirẹ̀ ti wọlé.

Màá purọ́ bí mo bá ní ọdún àkọ́kọ́ kò dùn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo máa ń wo èsì, torí nígbà tí a bá sùn ni wọ́n ń gbá a lọ́hùn-ún. Ìkẹta wa lẹ orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwọn awakọ̀ tó wá ra bẹ́líìtì á máa bi í pé òṣèlú ìlú wo nìyẹn. Àbígbẹ̀yìn wa kì í wo àmì, ojú ló ń wò. Ó ní òun á mọ ẹni tí kì í sùn dáadáa lójú. Ìgbà gbogbo ni a ń sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù wa, èmi tí mi ò rí yìnyín rí ju èyí tó ń jáde nínú fíríìjì lọ, mo ń bínú sí ọkùnrin kan ní ìhà kejì ayé nítorí pé ó ṣẹ̀ sófin eré, wọ́n sì ní kó lọ jókòó síta.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni mí, ojú mi kì í kúrò lára ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Mo kíyè sí i pé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú àti ọjọ́ Jímọ̀, láti aago méjì ọ̀sán wa títí di aago mẹ́fà, ìkejì wa máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ kí a tó kọ ọ́ tán. Bí ẹni tí wọ́n fi sí ojú kan tí kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí aago mẹ́fà bá lù, ó tán. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì la máa rí gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í nígbà kan.

“Wọ́n yí ṣíífù wa padà ni, Àǹtí.”

“Fún odidi ọdún?”

“Kánádà nìyí.”

Àbígbẹ̀yìn wa náà ní ohun tirẹ̀. Ó ní nínú fọ́tò kan tí ìkejì wa fi ránṣẹ́ ní ọdún Iléyá, níbi tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wo ojú rẹ̀ náà.” Mo ní òtútù ni.

Ọdún kejì eré náà ti dé ìdajì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí fúnni ní nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹni tó dára jù nínú gbogbo eré wa wà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí àmì tó ń mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì. Ó kọ̀wé pé òun fẹ́ gbé e fún àbígbẹ̀yìn wa, kí ó fún òun ní gólì kan tó ti darúgbó tí orúnkún rẹ̀ kò dára. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ní òun fẹ́ gbé àwọn méjì tó tẹ̀ lé ẹni yẹn fún ìkẹta wa.

Ìkẹta wa pè mí láti ṣọ́ọ̀bù. Ariwo tírélà kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. “Àǹtí, kí ló dé tí Bùrọ̀dá ń tú ẹgbẹ́ wọn ká? Mi ò fẹ́ ẹ. Bí mo bá gba ìyẹn, mo ti rẹ́ wọn jẹ nìyẹn.”

“Èmi náà ò ní fọwọ́ sí i,” mo ní.

A kọ̀ ọ́, èmi àti ìkẹta, pé kò dọ́gba. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ìkejì wa pè mí. Ó bẹ̀ mí ní tòótọ́. “Àǹtí, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ṣé nǹkan mi kọ́ ni?”

“Ìwọ lo ṣòfin náà. Ìwọ lo ní kó dọ́gba.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èémí rẹ̀ kò sì gùn. Lẹ́yìn rẹ̀ mo ń gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń dún, tín, tín, tín, kò yára, kò sì dáwọ́ dúró. Mo rò pé ti ilé ìkẹ́rùsí ni. Ó ní, “Ó dáa, Àǹtí mi. Ó ti dáa,” ó sì pa fóònù.

Àwa kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a rò pé ó ń bínú. Àbígbẹ̀yìn kọ̀wé ẹ̀fẹ̀ sí i, kò dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pè é, fóònù dún títí ó fi gé. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kò tilẹ̀ dún mọ́. A kò mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan. Ní ọdún mẹ́tàlá tó ti lò lọ́hùn-ún, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní àràárọ̀ bóyá mo ti bá a sọ̀rọ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n á wò mí, wọ́n á sì padà sídìí agbọ̀n wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, “Bàbá yín náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú,” láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ wíwú létí wọn.

Ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ìkẹta wa ló rán mi létí. “Ẹ wọlé, Àǹtí. Òfin ni.”

Mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní nítorí pé fóònù mi ṣàjèjì, òun ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni tó ni ẹgbẹ́, kí n lọ mú un wá. Mo dán páásíwọ́ọ̀dù kan náà wò lórí ímeèlì rẹ̀. Ó ṣí.

Mi ò wá nǹkan kan nínú ímeèlì náà ju nọ́ńbà yẹn lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà níwájú ni lẹ́tà ilé ìwòsàn. Àkọlé wọn nìkan ti tó. Ẹ̀ka kíndìnrín. Àkókò tìẹ lórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀: ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú, ọjọ́ Jímọ̀. Mo fi ìka fa ojú ìwé sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, kò tán. Ó ti wà lórí ẹ̀rọ náà kí bàbá wa tó kú. Ìdí nìyẹn tí kò fi wá. Lẹ́tà tó wà lókè pátápátá ní kò wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léra wọn, pé kí ó pe àwọn kíákíá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti kọ ọ́.

Aago lù fún ẹ̀kọ́, mi ò dìde. Mo wọ takisí lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, torí mi ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Àbígbẹ̀yìn wa jáde wá bá mi lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn wọn. Mo gbé fóònù fún un. Ó kà á, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn tó ń dúró de dókítà, láàárín obìnrin méjì tó gbé ọmọ.

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta,” ó ní. “Àǹtí, ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta...”

Ó pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà náà. Obìnrin tó gbé e ní àwọn kò lè sọ ohunkóhun fún ẹni tí aláìsàn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì lòun, àbúrò rẹ̀ ni òun. Obìnrin náà ní òun gbọ́, òun sì kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ. Àbígbẹ̀yìn ní, “Sọ ọ̀kan ṣoṣo fún mi. Ṣé ó wà láàyè?” Obìnrin náà tún ohun tó kọ́kọ́ sọ sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta wa ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣùgbọ́n kò tajà. Ohun tó ya mí lẹ́nu jù ni pé mo ń tọ́jú ẹgbẹ́ ìkejì wa. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, màá wọlé, màá yọ ẹni tó fara pa, màá fi ẹni tí ara rẹ̀ dá rọ́pò. Ṣe ló dà bíi pé mò ń ká aṣọ ẹnìkan tí mi ò mọ̀ bóyá á tún padà wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ fi tọrẹ gbá góòlù méjì ní ọjọ́ kejì. Mo wo àmì náà títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni fóònù mi dún ní kíláàsì, orúkọ rẹ̀ sì ló wà lójú rẹ̀. Mo jáde sí ẹ̀yìn yàrá. Ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ọkùnrin òyìnbó kan ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà. Mo ní èmi ni. Ó ní àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ni, àwọn jọ ń ṣe họ́kì yìí náà, pé ibi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀gbẹ́ni náà ló bàjẹ́, àìsàn gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣubú sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn ni wọ́n gbé e lọ. Kò mọ ara rẹ̀ títí di àná. Fóònù rẹ̀ ti wà nílé láti ìgbà náà, òun ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú un wá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìkejì wa. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

“Àǹtí mi.”

“Mo wà níbí.”

“Ṣé ẹ ti wọlé?”

“Mo ti wọlé.”

“Ẹ ti rí i nìyẹn.”

“Mo ti rí i.”

“Ẹ má sọ fún Màámi.”

Mi ò dá a lóhùn, torí mi ò fẹ́ ṣèlérí tí mi ò ní mú ṣẹ. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo jókòó ti ìyá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò sunkún. Èdè Rẹ́mọ ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n bi mí bóyá ọ̀kan ló bàjẹ́ àbí méjèèjì. Mo ní méjèèjì. Wọ́n mú gbànja kan, wọ́n fi èékánná bó o, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sì jù ú nù.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ṣe àyẹ̀wò, ká lè mọ ẹni tó lè fún un ní kíndìnrín kan. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní kí n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tèmi. Ẹ̀jẹ̀ àbígbẹ̀yìn kò bá ti ìkejì wa mu. Ti ìkẹta wa ló bá a mu. Nígbà tó délé sọ ọ́, ìyá wa dìde.

“Mi ò ní fi ọmọ ra ọmọ,” wọ́n ní.

“Màámi, wọ́n ní èèyàn lè fi ọ̀kan gbé ayé.”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Èmi ò rí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún tó padà wá sọ fún mi.”

Ìkejì wa náà kọ̀. Ó ní òun kò fi ọdún mélòó kan fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa láti wá gba kíndìnrín àbúrò òun. Ìkẹta wa tẹ́tí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, “Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Mo ti fi pàsípọ́ọ̀tù mi sílẹ̀ fún wọn.” Ìyàwó rẹ̀ kò bá èmi àti àbígbẹ̀yìn sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Mi ò dá a lẹ́bi.

Nígbà tí físà jáde, ìyá wa kó ẹrù wọn, wọ́n lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Likosi kí wọ́n má baà wà nílé lọ́jọ́ tí ìkẹta máa lọ. Lọ́jọ́ náà, ìkẹta wa dúró lójúde, ó ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú fun fèrè, ó bi mí bóyá Màámi á wá. Mo ní wọn kò ní wá.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mò ń ṣọ́ àwọn ọmọ nínú ìdánwò. Ogójì ọmọ ló tẹrí ba sórí ìwé, kò sí ariwo kankan àyàfi ti bírò. Mo ń ka àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì lọ́kàn bí ìyá wa ṣe máa ń kà wá, nítorí ọmọ ni wọ́n jẹ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn wọlé: àwọn méjèèjì ti jáde, àwọn méjèèjì ń mí.

Ìkẹta wa padà nínú ọyẹ́. Ìyá wa ti Likosi dé lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní kó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, wọ́n wo ojú àpá náà, wọ́n fi ọwọ́ kàn án, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lọ ro ìkọ́kọrẹ́. Kò lè gbé ẹ́ńjìnnì mọ́. Orí àpótí ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá wúkọ́, á fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ á sì yí padà fún ìṣẹ́jú kan kó tó tún bọ̀ sípò.

Ti ìkejì wa kò tíì dúró sójú kan. Ara rẹ̀ gba nǹkan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tún fẹ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi oògùn bá a jà, wọ́n ní kó máa lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn dókítà kò sọ pé yóò dára, wọn kò sì sọ pé kò ní dára. Ó ti ń múra fún ọdún tó ń bọ̀ nínú eré wa, ó ti fi orúkọ márùn-ún tó fẹ́ pa mọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti kọ wọ́n sínú ìwé.

Mi ò lè pa ohùn fóònù mi mọ́ ní kíláàsì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dún nígbà tí mò ń kọ nǹkan sójú pátákó, nọ́ńbà òkè òkun tí mi ò mọ̀ ló wà lójú rẹ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó gbé e. Ẹnìkan tó ṣi nọ́ńbà pè ni. Ó tọrọ àforíjì, ó pa fóònù. Mo dúró síbẹ̀, ẹ̀yìn mi ti ògiri, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ mi, títí ọmọ kan fi yọjú láti bi mí bóyá kí àwọn máa dà á kọ lọ.